Ògiri Tí Ó Wó ní Bwari

Ọjọ́ tí ìtìjú rẹ̀ kò tíì kúrò lójú mi ni ọjọ́ tí àwọn àlejò ìjọ wa láti òkè òkun wá kọ́lé fún opó kan, Màmá Làdí, ní Bwari. Èmi ni ògbufọ̀ wọn.

Láàárọ̀, wọ́n fi ìdùnnú to búlọ́ọ̀kù ga dé àyà. Bàbá Ṣẹ́gun, bíríkìlà ará Kàbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ta okùn sí i, ó sì mirí.

"Ọmọ mi, sọ fún wọn pé ògiri yìí wọ́. Kí wọ́n tú u, kó tó wó."

Àwọn àlejò ń ya fọ́tò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mi ò fẹ́ ba inú wọn jẹ́. Olórí wọn bi mí pé kí ni bàbá wí.

"Ó ní iṣẹ́ yín dára gan-an."

Lọ́sàn-án, Màmá Làdí gbé omi wá fún wa. Ibi tó ti ń sọ ọ́ kalẹ̀ ni ògiri ti ya lulẹ̀, gbìì! Gbogbo wa figbe ta. Nígbà tí a fi máa kó búlọ́ọ̀kù kúrò lára rẹ̀, apá rẹ̀ ti kán.

Olórí àwọn àlejò ń sunkún. "Ṣé kò sẹ́ni tó rí i pé ó fẹ́ wó ni?"

Bàbá Ṣẹ́gun yíjú sí mi. "Sọ fún wọn pé mo kìlọ̀."

Mo sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò bá mi wí.

Bàbá ló tún ilé náà kọ́. Apá Màmá ti jinná, ó sì máa ń kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà. N kì í lè wo ojú rẹ̀ dáhùn.