Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Ìyá Funfun

Ìyá Funfun kú ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, lórí àga gígùn tó wà níwájú káńtà ínṣọ́ránsì, nínú ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fọ aṣọ fún láti ìgbà tí èmi ò tíì dáyé. Wọn ò kú sílé o. Wọn ò kú sójú ọ̀nà. Inú ilé ìwòsàn gan-an ni. Dókítà ń gba ọ̀tún kọjá, nọ́ọ̀sì ń gba òsì kọjá, oògùn tí Màmá ń wá sì wà nínú fíríìjì, lẹ́yìn ògiri tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ẹ ti gbọ́ nípa ẹni tí òùngbẹ pa sínú odò rí? Èmi ti rí i.

Àwọn ènìyàn ń sọ pé ìtọ̀ ṣúgà ló pa wọ́n. Irọ́ ni. Ìtọ̀ ṣúgà àti Màmá ti ń gbé pọ̀ tipẹ́ bí ayálégbé méjì tí kò fẹ́ràn ara wọn, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fún un ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ tí á sì jókòó jẹ́ẹ́. Ohun tó pa Màmá ni pé ìka wọn ò ní ìlà mọ́. Ẹ dúró kí n ṣàlàyé, kí ẹ má baà rò pé àlọ́ ni mò ń pa fún yín.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n, àwọn ló sì tọ́ èmi àti ọmọ wọn obìnrin, ẹ̀gbọ́n mi; Màmá ni àwa méjèèjì ń pè wọ́n. Alágbàfọ̀ ni wọ́n ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn náà, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn, aṣọ dókítà, àti aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ìyá Funfun ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n, nítorí pé aṣọ tó bá ti gba ọwọ́ wọn kọjá, funfun rẹ̀ kì í ṣe ti ilé ayé yìí. N kò ní purọ́ fún yín: wọ́n sá ṣíìtì sórí okùn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àkùkọ ará ilé kejì rí i, ó rò pé ilẹ̀ ti ń mọ́, ló bá kọ. Ẹ ò gbà? Ẹ lọ bi àkùkọ náà.

Aṣọ ilé ìwé mi náà ò bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Ilé ìwé lè lé ẹ nítorí ẹnu ẹ," ni wọ́n máa ń wí bí wọ́n bá ń na kọ́là mi, "wọn ò ní lé ẹ nítorí aṣọ ẹ." Bí ibà bá mú mi, ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n fi ń wò mí lọ́rùn, nítorí pé iwájú rẹ̀ ò mọ ooru yàtọ̀ sí òtútù mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ wọn le bí pákó. Ṣùgbọ́n orí ìka wọn ń dán, ó ń yọ̀ bí òkúta inú odò.

Kí ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì ló wà nínú yàrá yẹn. Inú ọ̀kan ni ológbò ń bímọ sí. Èkejì á ké bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀ yọ, lẹ́yìn náà á dákẹ́ títí di oṣù tó ń bọ̀. Nítorí náà ọwọ́ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Ọwọ́ nínú omi gbígbóná, ọwọ́ nínú ọṣẹ líle, ọwọ́ nínú bílíìṣì tí òórùn rẹ̀ nìkan lè mú kí ẹ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ kò dá. Ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Ilé ìwòsàn fún wọn ní ìbọ̀wọ́ nígbà kan. Nígbà tó ya, ọ̀gá ilé ìfọṣọ ní kí wọ́n ní sùúrù, òmíràn ń bọ̀. Ìbọ̀wọ́ ọ̀hún ṣì ń bọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Bóyá ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, tí bàtà sì ń ta á.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ni yóò jẹun. Ti Màmá yàtọ̀. Iṣẹ́ ló jẹ ọwọ́ wọn.

Ètò adójútòfò ìlera, tí gbogbo wa ń pè ní ínṣọ́ránsì, ń yọ ìpín tirẹ̀ nínú owó oṣù wọn kí wọ́n tó fojú kàn án. Ìyẹn ò bèèrè ìka lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tẹ́lẹ̀, káàdì ni Màmá máa ń fi hàn láti gba abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kan ni ẹ̀rọ kékeré dúdú kan dé sórí káńtà. Ní báyìí, kí aláìsàn tó gba oògùn, kí ó tó rí dókítà, àfi kó tẹ ìka rẹ̀ sí i, kí ẹ̀rọ náà sì fi wé ìka tó tẹ̀ lọ́jọ́ tó wọ inú ètò. Wọ́n ní àwọn olè ń lo káàdì oníkáàdì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Olè ni wọ́n fẹ́ tìlẹ̀kùn mọ́, onílé ni wọ́n tì síta.

Èmi ni mo tẹ̀lé Màmá lọ nígbà àkọ́kọ́. Àǹtí tó ń jókòó ní káńtà rí wọn, ó rẹ́rìn-ín títí dé eyín tó kẹ́yìn lẹ́nu.

"Ìyá Funfun! Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ kú iṣẹ́ aṣọ àná o."

"A dúpẹ́, ọmọ mi."

"Ẹ tẹ àtàǹpàkò yín síbí, mà."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Iná pupa. Wọ́n tẹ ìka ìfábẹ̀là. Iná pupa. Wọ́n tẹ gbogbo ìka tí Ọlọ́run fún wọn, ó kù díẹ̀ kí wọ́n bọ́ bàtà.

"Ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ yín, mà."

Mo ní, "Àǹtí, ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ẹ ò mọ̀ wọ́n?"

"Ṣé ẹni tó ń fọ aṣọ wa ni mi ò ní mọ̀? Èmi mọ̀ wọ́n dáadáa. Ẹ̀rọ ni ò mọ̀ wọ́n."

"Ta wá ni ọ̀gá nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Màmá fi ìgúnpá gún mi níhà, wọ́n wá kọjú sí àǹtí náà. "Má dá a lóhùn, ọmọ mi. Ẹnu ẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bí, ọjọ́ kejì ni wọ́n tó bí ara yòókù."

Àǹtí káńtà wá sọ̀rọ̀ kan, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, pẹ̀lú ẹ̀rín: "Ó lè jẹ́ pé ìka yín dọ̀tí ni, mà. Ẹ lọ fọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹ padà wá."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un kà. Ìyá Funfun ni wọ́n sọ fún pé ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbé inú ọṣẹ láti nǹkan bí ìgbà tí wọ́n dá ọṣẹ sílẹ̀! Màmá rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, wọ́n bu bílíìṣì sínú abọ́, wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ orí ìka wọn bí ẹni tó ń fọ ẹ̀gàn kúrò lára. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ń múra àtilọ sí káńtà, wọ́n á kọ́kọ́ bọ ìka sínú bílíìṣì. Bí wọ́n ṣe ń mọ́ tó ni ẹ̀rọ ń ṣàìmọ̀ wọ́n tó. Ìlà tó ṣẹ́kù, àwa la fọwọ́ ara wa nù ún dànù. Àwa ò mọ̀. Ṣé ẹni tó ní ká lọ fọwọ́ mọ̀?

Gbogbo àdúgbò di dókítà ìka. Ọ̀kan ní ká fi òróró pa á. Aránṣọ ní ká tẹ̀ ẹ́ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí oòrùn tó ràn. Fọkanáísà tó wà ní ìkòríta ní ká gbé ìka náà wá, táyà tó dán ju bẹ́ẹ̀ lọ lòun ti gé ojú sí lára. Èmi náà ní kí n bá wọn fi àtàǹpàkò tèmi tẹ̀ ẹ́.

"Tí wọ́n bá wá gún ẹ lábẹ́rẹ́ mi ńkọ́?" Màmá bi mí. "Olórí kunkun. Ṣúgà ẹnu ẹ á kàn tán ni, o ò ní lè tan ẹnikẹ́ni jẹ mọ́."

A rẹ́rìn-ín o. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó yẹ kí wọ́n máa gbà lójoojúmọ́ ti di èyí tí a ń rà nígbà tí a bá rí i rà. Ó sì wá ṣẹlẹ̀ pé táìlì tó fọ́ nílẹ̀ ilé ìfọṣọ gé wọn lẹ́sẹ̀. Ojú egbò kékeré. Ara ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kì í fojú kékeré wo egbò. Kò jinná. Ó ń fẹ̀ sí i.

Ẹsẹ̀ tó ń ro wọ́n yẹn ni wọ́n fi rìn lọ sí olú iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì. Ọkùnrin kan tó wọ táì gbà wá sínú yàrá tó tutù débi pé èrò inú mi dì. Ó gbé ìka Màmá sókè sí iná, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ìlà ti pa rẹ́, Màmá. Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń fọṣọ ní ilé ìwòsàn."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kẹ́míkà ni. Ẹ sinmi kúrò nínú omi fún bí oṣù méjì. Á hù padà, a ó sì gbà á tuntun."

"Ẹ ò lè bá mi kọ̀wé sí wọn pé èmi náà ni, ọmọ mi?"

"Ètò ò gba ìyẹn láyè, mà."

A padà lọ bá ọ̀gá ilé ìfọṣọ, a bẹ̀ ẹ́ fún ìsinmi. "Ìyá Funfun, ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn yín," ló wí. (Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ báyìí, ẹ tètè wá ọ̀nà àbáyọ.) "Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù méjì, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti yọ orúkọ yín, ínṣọ́ránsì yín lọ nìyẹn." Mo ní ìsinmi àìsàn ńkọ́? Ó ní ìwé dókítà ló ń gbà. Kí ni wọ́n fi ń rí dókítà? Ìka.

Ẹ wò ó bí ẹni ń wo pàkúté ọdẹ. Bí Màmá bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní ínṣọ́ránsì, wọn ò ní ìka. Bí wọ́n bá sinmi, wọ́n á ní ìka, wọn ò ní ní ínṣọ́ránsì mọ́. Orí ta ni irú ọgbọ́n yìí ti jáde? Ó yẹ kí wọ́n gbé orí náà sínú àpótí dígí, kí àwọn ọmọ ilé ìwé máa tò lọ wò ó.

Màmá padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí ni kí wọ́n ṣe?

Ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, ara wọn gbóná bí ààrò, ẹsẹ̀ wọn ti dúdú. Dókítà ọ̀dọ́ kan pàdé wa ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Ó pariwo: "Ìyá Funfun! Kí ló ṣe ẹsẹ̀ yín? Ẹ gbọ́dọ̀ wọ wọ́ọ̀dù nísinsìnyí!" A sáré dé yàrá pàjáwìrì. Wọ́n ní ẹni tó bá ní ínṣọ́ránsì, káńtà ni kó kọ́kọ́ gbà kọjá. Bí Màmá ò bá ní ínṣọ́ránsì rárá, ṣé ẹ rí i, wọ́n tilẹ̀ lè rí ibì kan tẹ́ wọn sí.

Àǹtí káńtà tẹ ìka wọn títí, omi lé sí òun náà lójú. Ó pe olú iléeṣẹ́ kí wọ́n bá wa fọwọ́ sí i. Fóònù ń kọrin fún wa, ó ní ká dúró, pé a ṣe pàtàkì sí wọn.

"Ṣé wọ́n ti gbé e?" Màmá bi mí. Orí wọn wà léjìká mi.

"Wọn ò tíì gbé e, mà."

"Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ kó bá mi ká aṣọ orí okùn. Òjò ń ṣú."

Mo bojú wo fèrèsé. Òjò ń ṣú lóòótọ́. Kí n tó yíjú padà, orí wọn ti wúwo sí i. Fóònù ṣì ń kọrin.

Nígbà tí a gbé wọn dé mọ́ṣúárì, bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ṣí aṣọ lójú wọn. "Yéè! Ìyá Funfun!" Ó gbé wọn wọlé. Kò bèèrè ìka. Nínú gbogbo ilé ìwòsàn yẹn, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó mọ Màmá lójú nìyẹn.

Ilé ìwòsàn rán aṣojú wá kí wa. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ takuntakun ni wọ́n, pé àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ kò ṣeé dí. Wọ́n gbé fọ́tò wọn kọ́ sára pátákó ìkéde lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ní fọ́tò wọn lọ́wọ́! Ẹ mọ ojú wọn tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ojú ò tó láti fi gba abẹ́rẹ́?

Mò ń bèèrè, mi ò sì ní dákẹ́, nítorí ẹ ti gbọ́ bí wọ́n ṣe bí mi. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn, ta ló gba owó ìbọ̀wọ́, níbo ni ìbọ̀wọ́ wà? Ẹ̀yin ínṣọ́ránsì, ẹnì kan ló jókòó tó sọ pé bí ìka bá kọ̀, kò gbọdọ̀ sí ọ̀nà mìíràn, kì í ṣe káàdì, kì í ṣe fọ́tò, kì í ṣe ẹ̀rí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Kí ni orúkọ rẹ̀? Ẹ má sọ fún wa mọ́ pé ètò ni. Ètò kì í fọwọ́ síwèé, ènìyàn ló ń fọwọ́ síwèé. Kí ó jáde síta, kí ó wá sọ ọ́ lójú wa. Kí ẹ sì kọ ọ̀nà kejì náà sílẹ̀ kí aláìsàn mìíràn tó jókòó sórí àga yẹn.

Àlàfo tí wọ́n ní kò ṣeé dí, wọ́n ti dí i. Ọmọ tí Màmá bí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ni wọ́n gbà sípò wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ní kó wá tẹ ìka fún ínṣọ́ránsì, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, iná aláwọ̀ ewé tàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un lọ sílé ìfọṣọ, wọ́n fi agbada bílíìṣì hàn án. Ó bèèrè ìbọ̀wọ́. Wọ́n ní ó ń bọ̀.

Ẹ dá wa lóhùn nísinsìnyí tí ẹ̀rọ yín ṣì mọ̀ ọ́n.