Ọ̀já Tí Sidikatou Fi Ń Gbé Gìtá

Orí àyà ni ẹ̀gbọ́n mi Sidikatou ń gbé gìtá bàásì sí, ìyẹn gìtá olókùn mẹ́rin tó máa ń dún wúwo lábẹ́ orin. Kì í jẹ́ kó dé ìbàdí, ká má tiẹ̀ wá sọ itan. Bí o bá rí i lórí ìtàgé, wàá rò pé ó gbá a mọ́ra kí wọ́n má bàa jí i ni. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó sì fi í rẹ́rìn-ín nítorí ẹ̀, èmi Hàbíbà ò ní í gbàgbé orúkọ ẹ̀ láyé.

Ọdún kan àtààbọ̀ péré ló fi jù mí lọ. N kì í pè é ní ẹ̀gbọ́n lójú ara ẹ̀ àfi tí mo bá fẹ́ tọrọ nǹkan. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa ti wá sí Abidjan, Adjamé ni wọ́n bí wa sí, inú ìsọ̀ abọ́ tánganran la dàgbà sí, èmi ṣì ń tà á níbẹ̀ dòní. Sidikatou ni kò lè jókòó ti abọ́. Tá a bá ní kó to ìkòkò, á máa fi ìka lù wọ́n, á máa wá èyí tí ohùn ẹ̀ wúwo jù, àwọn oníbàárà á dúró máa gbọ́, wọn ò sì ní í ra nǹkan kan.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tó ra gìtá bàásì àlòkù kan láàárín ẹrù tí wọ́n kó ti ìlú òyìnbó dé. Gìtá náà ò ní okùn tí wọ́n fi ń gbé e kọ́rùn. Ló bá fa ọ̀já ìyá wa yọ nínú àpótí, ọ̀já tí wọ́n fi pọn àwa méjèèjì, ó fi di gìtá mọ́ àyà, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ní kí n bá òun ta á ní kókó. Tí ọmọ bá wà lẹ́yìn, iwájú la máa ń di ọ̀já sí. Ọmọ tiẹ̀ wà níwájú, nítorí náà ẹ̀yìn ni kókó wà, láàárín èjìká méjèèjì, níbi tí ọwọ́ ara ẹni kì í dé. Èmi ni mo máa ń dì í, èmi ni mo máa ń tú u. Tó bá ti múnú bí mi lọ́jọ́ náà, mo máa ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi bẹ̀ mí.

Bí gìtá ṣe di ti orí àyà nìyẹn. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ẹ̀ ti kọ́ṣẹ́. Ọrùn ọwọ́ ẹ̀ máa ń nà tààrà, ìka ẹ̀ máa ń dé orí okùn láìní wàhálà, bàásì á sì máa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Stéphane ló bà á jẹ́. Ọmọ àwọn ará Porto-Novo ni, Treichville ní Abidjan yìí náà ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ ẹja eléegun. Òun ló ni ẹgbẹ́ orin tí Sidikatou bá ṣeré fún ọdún mẹ́rin, gìtá kékeré ni òun ń ta. Sidikatou fi ọdún mẹ́jọ jù ú, kò fi ẹ̀gbọ́n kan ṣíwájú orúkọ ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Sidi, gbé bàásì yẹn wálẹ̀ jàre. A ò sí ní maternité, ilé ìgbẹ̀bí kọ́ nìyí." Ó ní nínú gbogbo fídíò, itan ni àwọn tó ń ta bàásì ń gbé e kọ́ sí, pé ìyá arúgbó ni ẹ̀gbọ́n mi ń jọ lójú èèyàn. Sidikatou ń ta bàásì ẹ̀ lọ lórí àyà. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, tẹlifíṣọ̀n fẹ́ wá gba orin wọn sílẹ̀, Stéphane sì ní tí kò bá gbé e wálẹ̀, òun máa wá ẹlòmíì. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn ẹgbẹ́ yẹn ju oúnjẹ lọ. Ó ra okùn aláwọ gígùn, ó ká ọ̀já sínú kọ́bọ́ọ̀dù ibi tí wọ́n ti ń dánra wò, ó jẹ́ kí bàásì já wálẹ̀ dé itan.

Ẹni tí bàásì bá wà ní itan ẹ̀, dandan ni kó tẹ ọrùn ọwọ́ kọdọrọ kí ìka tó dé orí okùn. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Lóṣù kẹta, ó wá kí mi ní ìsọ̀, ó gbé abọ́ kan, abọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó dún gbaragada lórí sìmẹ́ńtì. Kò bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Ó ń wo ọwọ́ òsì ẹ̀. Ó ní, "Hàbíbà, ìka méjì ò sí níbẹ̀ mọ́." Dókítà ní iṣan ọrùn ọwọ́ ló wú, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan gìtá fún oṣù mẹ́fà.

Èmi ni mo sìn ín lọ sọ fún Stéphane. A bá Karim níbẹ̀, ọmọkùnrin kan tí bàásì ẹ̀ ń gbá a ní orúnkún. Wọ́n ti fi í rọ́pò ẹ̀gbọ́n mi kí àwa tó dé. Stéphane ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa ọ̀já ìyá wa yọ, ó jù ú lu ẹ̀gbọ́n mi láyà. Ó ní, "Gba ọ̀já ẹ. Lọ wá ọmọ tí wàá fi pọ̀n."

Ọdún méje ni Sidikatou lò nílé ọkọ láìrí ọmọ bí, tí ọkọ fi kó ẹrù ẹ̀ síta. Gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ̀. Stéphane fúnra ẹ̀ ló wá bá wa gbé àpótí lọ́jọ́ tó kúrò níbẹ̀. Síbẹ̀ ó sọ ọ́, àwọn yòókù sì rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ di kọ́là ẹ̀wù ẹ̀ mú, ẹ̀gbọ́n mi gbá mi lọ́wọ́ mú, ó mú ọ̀já nílẹ̀, ó ká a dáadáa. Inú gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé wa lọ sílé, la wà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu. Ó ní, "Má bínú tán, Hàbíbà. Fi díẹ̀ pamọ́ fún mi."

Mo fi pamọ́. Ọdún méjì gbáko. Kí Ọlọ́run forí jì mí, orúkọ Stéphane máa ń wá sí mi lẹ́nu lórí ìrun, kì í sì í ṣe fún oore. Alaalẹ́ ni mò ń fi òrí wọ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, títí ìka méjèèjì fi padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ṣì máa ń kú tipiri nígbà ọyẹ́. Ó padà sídìí ọ̀já. Ó kó àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin jọ ní Abobo, ó ń kọ́ wọn ní gìtá, orí àyà sì ni gbogbo wọn ń gbé e sí.

Àfi bí ọwọ́ Karim náà ṣe kú. Ọrùn ọwọ́ kan náà, ìka kan náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Madame Lydie, obìnrin tó ń darí gbọ̀ngàn orin kan ní Treichville, fẹ́ yan ẹgbẹ́ tí á máa ṣeré níbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú fún odidi ọdún kan. Stéphane ò rí ẹlòmíì tó mọ àwọn orin ẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, ó yọ sí wa ní ìsọ̀. Ó mú Alhaji Moufoutaou dání, ọ̀rẹ́ bàbá wa, torí ó mọ̀ pé a ò lè lé àgbàlagbà jáde.

Alhaji bẹ̀bẹ̀ tán. Sidikatou ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá. Màá lọ." Ojú mi fà ro. Ó wá yíjú sí Stéphane: "Ṣùgbọ́n ọ̀já ni màá fi gbé bàásì. Ìwọ náà, ọ̀já ni wàá fi gbé gìtá tìẹ, lórí àyà. Hàbíbà ló máa dì í fún ẹ." Stéphane rẹ́rìn-ín, ó ní òun rò pé nǹkan tó le la máa bèèrè. Ìgbà yẹn ni mo rí i lójú ẹ̀gbọ́n mi pé ó ti fẹ́ gba ìbínú tí mo bá a fi pamọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo fi ọ̀já mìíràn di bàásì mọ́ ẹ̀gbọ́n mi láyà, mo wá mú ọ̀já ìyá wa, èyí gan-an tí Stéphane jù lù ú, mo rì í sínú omi ní bálùwẹ̀ gbọ̀ngàn, mo fún omi ara ẹ̀ dànù. Kókó aṣọ tútù, ẹni tó bá ti fọṣọ rí mọ̀ pé kì í tú bọ̀rọ̀. Mo gbé gìtá Stéphane lé e láyà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n ẹ̀, mo ta kókó kìn-ín-ní, mo ta ìkejì, mo fi ẹsẹ̀ ti ògiri ta ìkẹta. Ó ní, "Doucement," pé kí n rọra. Mo ní kó mí sínú.

Ẹ̀gbọ́n mi ta bàásì lọ́jọ́ náà, mo sunkún. Stéphane ní tiẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ò mọ ibi tó wà. Itan ló mọ̀. Níbi tó yẹ kó ti dá ta, ó ṣi okùn mú lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn èèyàn ń na ìka sí i, Nasser tó ń lu ìlù fojú pamọ́ sẹ́yìn sáńbà kó má bàa bú sẹ́rìn-ín. Sidikatou ṣáà ń gbé orin lọ.

Orin parí. Stéphane fẹ́ gbé gìtá sílẹ̀ kó sáré lọ kí Madame Lydie, kò ṣeé ṣe. Ó nawọ́ gba orí èjìká, kò dé. Ó nawọ́ gba abẹ́ apá, kò dé. Ó ń yí po bí ajá tó ń lé ìrù ara ẹ̀. Nasser gbìyànjú títí èékánná ẹ̀ fi ṣẹ́, ó ní kí wọ́n wá ọ̀bẹ. Sidikatou ní ọ̀já ìyá òun ni, kẹ́ni tó fẹ́ gé e sọ orúkọ ara ẹ̀ kí òun gbọ́. Nasser padà sídìí ìlù ẹ̀. Madame Lydie gun orí ìtàgé, ó kọjá lára Stéphane, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú, ó ní kó kó àwọn ọmọbìnrin ẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé.

Stéphane wá bá wa níkẹyìn, òógùn ń kán lára ẹ̀ sórí gìtá. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú mi sílẹ̀."

Sidikatou ń mu omi. Ó mu ún tán, ó dé ìgò náà padà. Ó ní, "O ní kí n lọ wá ọmọ tí màá fi pọ̀n. Mo ti rí i."

Ó sọ̀ kalẹ̀, mo tẹ̀lé e. A ti dé ẹnu géètì kí n tó bi í pé ọ̀já ìyá wa ńkọ́. Ó ní kí n fi sílẹ̀, Stéphane á dá a padà sí ìsọ̀ fúnra ẹ̀, a kì í tú ọ̀já lára ọmọ tí ò tíì sùn.