Òkúta Baba Amos

Nígbà tí mo wà ní kékeré, dáàmù olókùúta kan wà lẹ́yìn ilé wa nítòsí Katy, ìlú kan lẹ́bàá Houston ní Amẹ́ríkà, tí omi rẹ̀ ti yí ọlọ àgbàdo fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó bí wa. Kò sí mọ́. Wọ́n ti fi katakata wó o, wọ́n sì ti gba ògo iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí àwọn òbí yín wá kàwé ní Houston mọ̀ pé òórùn kò ṣeé fi pamọ́ nínú àpátímẹ́ǹtì. Màmá mi rẹ ẹ̀gẹ́ sínú garawa kí a lè rí fùfú jẹ. Ní ọjọ́ kẹta, onílé wá béèrè pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ bóyá ẹnìkan ti kú lọ́dọ̀ wa.

Màmá Hattie, obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé létí dáàmù, ló gbà wá. Ó ní, “Ẹ gbé e wá sétí omi. Bàbá tó bí bàbá mi ló kọ́ dáàmù yẹn, kí ebi má baà pa ènìyàn. Òórùn oúnjẹ kò lè bí i nínú.”

Báyìí ni garawa ṣe di iṣẹ́ Sátidé èmi àti Fọlá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Omi kíkan a máa ta sí wa lẹ́sẹ̀. Bí eré bá mú wa pẹ́, ìkúnlẹ̀ ń dúró dè wá, apá méjèèjì lókè. Bàbá mi, tó jẹ́ ẹnjiníà, kì í jẹ́ kí a kọjá lára dáàmù náà láìdọ̀bálẹ̀ fún bàbá àgbà Màmá Hattie tó kọ́ ọ, kí a sì wí pé, “Ẹ kú iṣẹ́, Baba Amos.” Fọlá ní òkúta kì í dáhùn ìkíni. Ìfọ́tí ni bàbá mi fi dá a lóhùn.

Inú oko ẹrú ni wọ́n bí Baba Amos. Àgbàrá wó dáàmù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta; ní ìgbà kẹrin, ó dúró. Ó wá gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára òkúta àárín.

Àwọn tó kọ́ ilé ńláńlá síbẹ̀ lónìí gbọ́n púpọ̀. Wọ́n wó dáàmù tán, wọ́n sọ àdúgbò ní Dáàmù Àtijọ́. Wọ́n gbé òkúta náà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọjú orúkọ rẹ̀ sí ògiri, wọ́n sì kan pátákó idẹ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pé ìdílé ẹni tó ta ilẹ̀ fún wọn ló kọ́ dáàmù. Mo ki ọwọ́ bọ àlàfo tó wà láàárín òkúta àti ògiri. Orúkọ náà ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo lọ bi wọ́n ní ọ́fíìsì wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní, “Sà, àwọn tó ń ra ilé kì í ka pátákó yẹn.” Mo ní, “Nígbà náà, ta ni ẹ ń parọ́ fún?” Ó bu kọfí fún mi.

Màmá Hattie ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún báyìí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló wà. Ó béèrè bóyá wọ́n kọ orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ sí pátákó náà. Mo ní, “Wọ́n kọ nǹkan kan síbẹ̀, mà.” Ó ní, “Orúkọ ni mo béèrè.”

Nígbà náà, a ń rùn, ẹnìkan sì gbà wá. Lónìí, inú ọ̀rá ni ìyẹ̀fun fùfú wa ń wá, kò rùn rárá, àwọn ọmọ mi sì gbà pé orúkọ òpópónà lásán ni dáàmù.

Ta ló pàṣẹ kí wọ́n yí òkúta náà padà? Ìwé wo ni ẹni tó kọ pátákó náà kà? Kí ilé-iṣẹ́ tó kọ́ àwọn ilé náà àti ìgbìmọ̀ ìlú tó buwọ́ lùwé fún un wá dáhùn ní gbangba, níwájú Màmá Hattie, nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ràn.