Ẹrù Ìyàwó Lójú Ọ̀nà Ayétòrò

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Ìlaró lọ́jọ́ kan láìpẹ́ yìí, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tírélà kan sì wá dúró sí òdìkejì ilé wa. Awakọ̀ rẹ̀ gun orí ẹrù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn omi kúrò lórí tapólì. Kò pẹ́ tí òórùn náà fi dé bá mi: tapólì tútù, epo dísẹ́ẹ̀lì, àti àgbàdo tó ń móoru nínú àpò. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí á ní òórùn burúkú ni. Ní tèmi, ńṣe ni mo padà di ọmọdébìnrin tó jókòó lórí ẹrù láàárín Ìmẹ̀kọ àti Ìlaró, tí kò mọ ibi tí ayé dorí kọ.

Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ga débi pé ó ń tẹrí ba kó tó lè wọlé, ló ni lọ́rì tí mò ń wí, òun náà ló sì ń wà á. Pákó ni wọ́n fi kan ara rẹ̀, wọ́n sì kọ SÙÚRÙ LÉRÈ síwájú rẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ rí mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni. Bó bá ń gun òkè, ọmọdé lè bọ́ sílẹ̀, kó ṣa àgbálùmọ̀ lábẹ́ igi, kó sì tún lé e bá. Iṣu, àgbàdo, láfún àti òwú ló ń kó lọ sí Ìlaró. Iyọ̀, ọṣẹ, ìṣó àti páànù ló ń kó bọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹlẹ́rù kì í bá ẹrù rẹ̀ lọ. Wọ́n á kàn ní, “Ẹ bá mi fún Ìyá Rísì lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí,” ó parí, yóò dé ọ̀dọ̀ Ìyá Rísì.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni dídi ẹrù nígbà náà. Èyí tó wúwo á wà nísàlẹ̀, èyí tó fúyẹ́ á wà lókè, okùn á gba ọ̀tún, á gba òsì, Bàbá Kékeré á fẹsẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, á fà á títí iṣan ọrùn rẹ̀ á fi yọ. Ṣùgbọ́n ẹrù kan wà tí kì í fọwọ́ kan okùn rẹ̀, ẹrù ìyàwó ni. Nílé wa, obìnrin àgbà ló ń dì í. Wọ́n á to abọ́ tánganran, ìkòkò àti aṣọ jọ, wọ́n á fi ẹní tuntun wé e, wọ́n á fi okùn òwú funfun ta á ní kókó. Okùn náà kò gbọdọ̀ tú títí yóò fi dé iwájú ìyá ọkọ, òun ni yóò tú u. Wọ́n ní ẹni tó bá tú ẹrù ìyàwó ló ni ìyàwó. Bó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló tú u, afẹ́fẹ́ ló fẹ́ ẹ nìyẹn, kí ẹ lọ máa wá àna yín nínú ìjì. A máa ń fi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ẹnu lásán ni. A gbọ́ ti ìyàwó kan tí ẹrù rẹ̀ tú lọ́nà. Àwọn àna dá òun àti ẹrù rẹ̀ padà sílé, kò sì sẹ́ni tó tún wá tọrọ rẹ̀.

Ìgbà náà ni ìjọba sójà ti bọ́dà pa. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí fún wa, ẹ̀yin ọmọ mi. A sùn, ilẹ̀ mọ́, rédíò sọ pé Kétu tó wà lẹ́yìn bọ́dà, tí ìyá ìyá mi ti wá, tí a ti ń nájà, tí a ti ń sin òkú ara wa, ti di òkèèrè. Àwọn aláṣọ kakí gbé igi dí ojú ọ̀nà, kì í sì í ṣe ní bọ́dà nìkan, títí dé ọ̀nà Ayétòrò ni. Gbogbo ẹrù di fàyàwọ́ títí ẹlẹ́rù yóò fi tú u kí wọ́n rí i.

Àárín rúgúdù yìí ni ìgbéyàwó Ẹ̀gbọ́n Sídí bọ́ sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, òun ló ń di irun fún mi, òun náà ló kọ́ mi ní òwe àti èébú. Télọ̀ kan ní Ìlaró ló ń fẹ́ ẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí à ń sìn ín lọ, òun, Màmá Àgbà tó di ẹrù, àti èmi la jókòó lórí àpò àgbàdo, ẹrù ìyàwó wà láàárín wa bí ọba. Ẹ̀gbọ́n Sídí fi ìbòrí bojú. Màmá Àgbà ń kọrin, ó ń ṣì í kọ, a sì ń gbè é bẹ́ẹ̀.

A ò tíì dé Ayétòrò tí àwọn aláṣọ kakí fi dá wa dúró. Ọ̀gá wọn, ọmọ Yorùbá bíi wa, nàka sókè.

“Màmá, kí ló wà nínú ẹní yẹn?”

“Ẹrù ìyàwó ni, ọmọ mi.”

“Ẹ tú u.”

Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ó ń ṣàwàdà ni. “Ṣé ìwọ lo fẹ́ ẹ ni?”

“Màmá, mi ò bá yín ṣeré. Lánàá, òkú ni wọ́n ní àwọn gbé. Ìrẹsì ló kún inú pósí.”

“A kì í tú ẹrù ìyàwó lójú títì.”

“A kì í tú u? Ó ti dá mi lójú wàyí.”

Ohun tó yẹ kó gbà wá ló ń kó bá wa. Bí Màmá Àgbà ṣe ń ṣàlàyé èèwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó túbọ̀ ń dá ọkùnrin náà lójú pé nǹkan wà nínú ẹní. Bàbá Kékeré dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. “Ọ̀gá, ẹ dákun. Ẹ tú iṣu, ẹ tú àgbàdo, ẹ tú táyà ọkọ̀ mi bó bá wù yín.”

“Èyí tí ẹ ò fẹ́ kí n rí ni mo fẹ́ rí.”

Ó fa ọ̀bẹ yọ nínú ìgbànú rẹ̀, ó gun ọkọ̀. Ó ti gbé ojú ọ̀bẹ lé okùn funfun náà. Màmá Àgbà figbe ta, igbe tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí àfi nílé òkú.

“Ẹ dúró!”

Ẹ̀gbọ́n Sídí ni. Ó ti ká ìbòrí kúrò lójú. Ìyàwó tí kò gbọdọ̀ fọhùn títí yóò fi dé ilé ọkọ!

“Ẹ gbé ọ̀bẹ yín kúrò. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa fẹ́ mi.”

Ó kúnlẹ̀ síwájú ẹrù rẹ̀, ó sì fi eyín bu kókó náà, torí Màmá Àgbà mọ okùn ta. Ó fi eyín já a, ó fi èékánná yọ ọ́, okùn bọ́, ẹní ṣí, àwọn abọ́ tánganran sì tàn yanran nínú oòrùn. Bàbá Kékeré wà nílẹ̀ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, kò lè dìde. Ọkùnrin ọlọ́bẹ náà gan-an rọra sún sẹ́yìn, bí ẹni tó já wọ balùwẹ̀ obìnrin. Èmi rò pé ilẹ̀ máa là.

Ilẹ̀ ò là. Wọ́n tú abọ́ wò, wọ́n yẹ inú ìkòkò wò, wọ́n kó àǹkárá rẹ̀ lọ, wọ́n ní ti òkèèrè ni. Ọjà Kétu la ti rà á, kí Kétu tó di òkèèrè. Wọ́n sì gbé igi kúrò lọ́nà fún wa.

Màmá Àgbà kò tún ẹrù náà dì. Ó ní, “Èyí tó ti tú ti tú.”

“Màmá, ṣé ẹ̀ ń bínú sí mi ni?”

“Dákẹ́. Jẹ́ n máa wo igbó.”

A dé Ìlaró láìkọrin. Ìyá ọkọ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó rí ẹní tó ṣí sílẹ̀. Kò kí wa.

“Ta ló tú u?”

Màmá Àgbà ti la ẹnu láti purọ́; lójú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ṣì sàn ju kí ìyàwó tú ẹrù ara rẹ̀ lọ. “Afẹ́…”

“Èmi ni, Màmá,” ni Ẹ̀gbọ́n Sídí wí, lórí ìkúnlẹ̀. “Ọkùnrin kan fẹ́ fi ọ̀bẹ gé e lọ́nà. Mi ò gbà fún un.”

“Ìwọ fúnra rẹ?”

“Èmi ni, Màmá.”

“Ìwọ lo ni ara rẹ nìyẹn.”

Màmá Àgbà di ojú. A ń retí kó ní kí á yí lọ́rì padà. Ńṣe ni obìnrin náà tú gèlè, ó fi gbàjá, ó sì kúnlẹ̀ sínú eruku níwájú ọmọ tó lè bí, bí àwọn ẹbí ọkọ ṣe ń kúnlẹ̀ lọ́jọ́ ìtọrọ.

“Bàbá rẹ la tọrọ rẹ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. A ò mọ̀ pé ọwọ́ rẹ lo wà. Jọ̀ọ́, fún mi ní ìyàwó.”

Ẹ̀gbọ́n Sídí bú sẹ́kún. “Mo fún yín, Màmá. Ẹ dìde, ẹ dákun, ẹ dìde.”

Wọ́n bu omi sí i lẹ́sẹ̀, ó wọlé. Ẹ̀gbọ́n Sídí ló ṣẹ́kù sínú ilé náà títí dòní.

Wọ́n ti ti bọ́dà, wọ́n ti ṣí i, wọ́n tún ti tì í, mi ò ka iye ìgbà mọ́. Lọ́rì onípákó ti tán lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ nísinsìnyí, ẹ ó ní ẹ fẹ́ wéébìlì, fóònù á sì dún nígbà tó bá dé. Igi ìdábùú ọ̀nà nìkan ni kò tíì kúrò.

Lọ́dún tó kọjá, a sin ọmọ ọmọ Ẹ̀gbọ́n Sídí lọ sílé ọkọ. Ẹrù dé ẹnu ọ̀nà, ìyá ọkọ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyàwó kúnlẹ̀, ó sì tú okùn ẹrù fúnra rẹ̀, bí gbogbo ọmọbìnrin ilé wa ti ń ṣe láti ọjọ́ yẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó ṣe òfin rẹ̀. Alàgbà kan tó ń darí ètò wá gbé ohùn sókè. Ó ní, “Bí àwọn baba ńlá wa ti ń ṣe é nìyí láti ìgbà ìwáṣẹ̀!” Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́.

Mo ta gìrì lórí àga. Baba ńlá wo? Mo ti ń dìde láti fọhùn nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Sídí, arúgbó tó jókòó tì mí, fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀.

“Àbúrò mi, jókòó,” ló sọ sí mi létí. “Jẹ́ kó jẹ́ tàwọn baba ńlá.”