Ohùn Ìyá Àgbà Nínú Giramafóònù

Bí àwọn ọdún 1980 ṣe ń parí lọ ni mo ṣègbéyàwó wọ agboolé ọkọ mi, nítòsí Ọjà-Ọba ní Ìlọrin. Olùkọ́ ni mí, físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní àdúgbò Fate. Mo mọ bí iná ṣe ń rìn nínú wáyà, mo mọ bí ìró ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí mo bá sè lónìí kì í jọ tàná. Kò pẹ́ tí gbogbo agboolé fi mọ̀.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá ọkọ mi, nìkan ni kò fi ìyẹn ṣe nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, eyín wọn ti dín, ṣùgbọ́n ẹnu wọn mú, ẹ̀rín wọn sì máa ń dé ojúde kí àwọn fúnra wọn tó jáde. Bí mo bá gbé oúnjẹ wá, wọn á jẹ ẹ́, wọn á nu ọwọ́, wọn á ní, "Ìyàwó, jókòó, kí n sọ̀rọ̀ fún ọ." Mo ti mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ: ohùn wọn wà nínú àwo orin.

Nígbà tí wọ́n wà ní ọmọge, obìnrin kan tó ń kọ wákà kó àwọn ọmọbìnrin mélòó kan jọ láti máa gbe orin rẹ̀. Àwọn òyìnbó kan gbé ẹ̀rọ wá sí Ìlọrin, wọ́n gba orin náà sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sára àwo. Ìyá àgbà wà lára àwọn elégbè. Nígbà tó yá, ọkọ wọn ra àwo náà, ó sì ra giramafóònù tí wọn yóò máa fi gbọ́ ọ. Àmọ́ giramafóònù ti dákẹ́ kí wọ́n tó bí ọkọ mi. Nínú gbogbo ọmọ-ọmọ tó wà nílé, kò sí ẹni tó gbọ́ orin yẹn rí. Bí Ìyá àgbà bá ti ní, "Ohùn mi wà nínú àwo," àwọn ọmọ á pariwo pé, "Ìyá àgbà, tùwó ló wà nínú àwo!" Ilé á bú sẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan ṣoṣo ló gbà wọ́n gbọ́: Àlájà, ọ̀rẹ́ wọn láti kékeré, tí agboolé wọn tẹ̀ lé tiwa. Àlájà náà wà lára àwọn elégbè. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ tiwọn ní ìjà nínú.

"A jọ kọ ọ́ ni," Àlájà á wí, "ṣùgbọ́n ohùn mi ló lékè."

"Ohùn rẹ? Ohùn rẹ tó dà bí ilẹ̀kùn tí kò lépo?"

Ní gbogbo Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á ja ìjà yìí títí agara á fi dá wọn, wọ́n á wá jọ mu omi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Ìyá àgbà pè mí wọ yàrá. Wọ́n ti fa àpótí dúdú kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jọ àpótí aṣọ akẹ́kọ̀ọ́.

"Ìyàwó, ìwọ tí wọ́n ní o mọ bí ìró ṣe ń rìn, ṣé o ò lè jí èyí fún mi?"

Mo ṣí ìdérí rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń gbé àwo lé wà nínú rẹ̀, àrán aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi bò ó. Apá irin kan tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí i wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, bíi ti ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ata lọ́wọ́. Mo yí i, ó ń yí fẹ́rẹ́ láìsí ohun tó dì í mú. Mo mọ̀ pé ohun kan ti já nínú rẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí. Ìyàwó tuntun tó bá fọ́ àwo oúnjẹ, wọn á dárí jì í. Ta ni yóò dárí ji èyí tó ba giramafóònù ìyá ilé jẹ́? Ọkọ mi kò tiẹ̀ ràn mí lọ́wọ́. Ó ní, "Wàláhì, tó o bá bà á jẹ́, èmi ò mọ̀ ọ́n rí o." Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun náà ló lọ wá súkúrúdíráfà wá.

A tú u sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo ti ń kọ́ni, n kò rí ohun tó wù mí tó bẹ́ẹ̀. Kò sí wáyà nínú rẹ̀, kò sí bátìrì. Irin pẹlẹbẹ gígùn kan, ìyẹn sípíríngì rẹ̀, ni wọ́n ká sínú agolo irin bí ẹní tí a ká. Bí ènìyàn bá ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ, sípíríngì á máa ká mọ́ra sí i. Bí a bá fi í sílẹ̀, á fẹ́ na ara rẹ̀ padà. Nínà yẹn ló ń ti jíà, ìyẹn irin eléyín tó ń yípo, jíà ló sì ń yí àwo. Àmọ́ sípíríngì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lágbára ju èyí tó ti fẹ́ẹ̀ tú tán lọ. Bí kò bá sí ohun tó ń kó o níjàánu, orin á fi eré bẹ̀rẹ̀, á fi oorun parí.

Ìjánu yìí gan-an ló gba ọkàn mi. Òjé kéékèèké mẹ́ta ni, tí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ so mọ́ ọ̀pá kan tó ń yí. Bí ẹ̀rọ bá sáré jù, àwọn òjé náà á fò síta bí etí ìró obìnrin tó ń fi ijó yípo, wọn á sì fa irin róbótó kan lọ kan ìrépé awọ. Awọ á rọra dì í mú, eré á dínkù. Bí ẹ̀rọ bá ń falẹ̀, òjé á wálẹ̀, awọ á jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń ṣọ́ ara rẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Sípíríngì ló já, níbi ihò tí a fi kọ́ ọ. Ọ̀kan nínú irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó di òjé mú náà ti dá. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá kan tó ń tún aago ṣe ní àdúgbò Challenge. Ó wò ó, ó mi orí, ó ní, "Àǹtí, ẹrù àwọn bàbá wa nìyí. Ẹ ò lè rí páàtì rẹ̀ mọ́." Nígbà tó rí ojú mi, ó nawọ́ sínú àpótí rẹ̀, ó fún mi ní sípíríngì aago ìjíni kan tó ti kú. "Ẹ gé e wò, bóyá á tó fún irin kékeré yẹn." Ó tó.

Sípíríngì ńlá ló kù. Ọkọ mi ní òun ni yóò ṣí agolo rẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọkùnrin ni. Mo ní kó rọra. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ìdérí ti yọ, irin gígùn náà sì fò jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń nà, ó ń jà, ó ń na ilẹ̀ pàà-pàà, ó sì ń ta gírísì dúdú sára gbogbo ohun tó wà nítòsí. Adìyẹ fò gun orí ògiri. Àwọn ọmọ sá. Ọkọ mi tó ń ṣe iṣẹ́ ọkùnrin ti dé ẹnu ọ̀nà kí ìdérí tó balẹ̀. Ìyá àgbà nìkan ni kò kúrò lórí àga.

"Súbúhánà lọ́hì!" ni wọ́n wí. "Ohun tó ń bínú báyìí, ṣé o ní ó ti kú?"

Inú àdògán Ìyá àgbà la ti tún un ṣe. Mo ti ẹnu sípíríngì bọ inú èédú títí ó fi pọ́n, mo jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀ kí ó lè rọ̀, ọkọ mi sì fi ìṣó líle àti òòlù lu ihò tuntun sí i. A fọ gírísì àtijọ́ kúrò, a fi tuntun sí i. Awọ ìjánu ti gan bí ẹja gbígbẹ, nítorí náà mo gé ìrépé kékeré lára bàtà awọ ọkọ mi tó ti já. Títí dòní ló ń sọ pé kò tíì já.

Abẹ́rẹ́ wá di wàhálà. Èyí tó wà nínú agolo kékeré inú àpótí ti dípẹtà, mo sì mọ̀ pé yóò họ àwo bàjẹ́. Àwo kan ṣoṣo náà la sì ní. Ìyá àgbà ní kí n má dààmú. Nígbà ogun àwọn òyìnbó, tí abẹ́rẹ́ wọ́n, ẹ̀gún ọsàn ni ọkọ wọn máa ń lò. A já ẹ̀gún, a pọ́n ẹnu rẹ̀, mo tì í bọ orí apá ẹ̀rọ. Nínú orí yẹn, awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó ń dán bí gíláàsì. Bí ẹnu ẹ̀gún bá ń gbọ̀n lójú ilà àwo, awẹ́ yẹn ni yóò máa mì, ìró á sì gba inú apá lọ sínú ihò tó ń fẹ̀ sí i bí àrọ. Kò sí nǹkan mìíràn tó ń gbé ohùn sókè.

Ọjọ́ Jímọ̀ la gbọ́ ọ, lẹ́yìn ìrun àlàásárì. Wọ́n ti pe Àlájà. Àwọn ọmọ-ọmọ jókòó sílẹ̀, ẹnu wọn ti ń yún wọn láti fi Ìyá àgbà ṣẹ̀fẹ̀. Mo yí ẹ̀rọ, mo gbé ẹ̀gún lé àwo.

Ohun tó jáde dà bí òròmọdìyẹ tí àwòdì ń lé. Àwọn ọmọ ṣubú lu ara wọn. Mo yí súkúrúù tó ń ti awọ ìjánu sún mọ́ irin róbótó, kí eré lè dínkù. Ó di ohùn ọkùnrin tó ń sùn lọ.

"Ìyá wa tó lé orin kì í ṣe ọkùnrin," ni Ìyá àgbà wí, wọ́n ti di ojú. "Fi díẹ̀ kún un. Díẹ̀ sí i. Ó ti pọ̀ jù. Padà... Ìyẹn! Má fọwọ́ kàn án mọ́."

Ohùn obìnrin kan kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jìnnà, ó sì dùn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Obìnrin náà ń fa ohùn lọ, ó kù díẹ̀ kó gbé orin fún àwọn elégbè, ni ohùn tínrín kan bá ta jáde lóun nìkan, ó kọ ọ̀rọ̀ kan, ó sì gé bìrí bí ẹni tí wọ́n gbá lẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn yòókù tó gbè é.

Àlájà yíjú sí ọ̀rẹ́ wọn. "Ìwọ nìyẹn!"

Ìyá àgbà ti fi ìborùn bo ẹnu. Mo rò pé wọ́n ń sunkún, àfi ìgbà tí mo rí i tí èjìká wọn ń mì fún ẹ̀rín.

"Èmi ni. Wọ́n ní bí ìyá wa bá ti gbọ́wọ́ sókè kí a gbè é. Mo rí i tó gbọ́wọ́, mo gbè é. N ò mọ̀ pé eṣinṣin ló ń lé. Òyìnbó ní kí a tún un kọ, ìyá wa ní ebi ń pa òun."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Nígbà tó rọlẹ̀, mo bi wọ́n léèrè. "Ìyá àgbà, ẹ mọ̀ pé àṣìṣe yẹn wà níbẹ̀, ẹ sì tún ní kí n jí ẹ̀rọ?"

"Ìyàwó, kí wọ́n fi ohun tí mo ṣe rẹ́rìn-ín sàn fún mi ju kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín pé mo purọ́."

Àwọn ọmọ ò sọ̀rọ̀ tùwó mọ́. Àbíkẹ́yìn wọn wá kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún gbọ́ ọ." Àlájà nìkan ni inú wọn ò dùn tán. Wọ́n tẹ́tí títí àwo fi parí. "Tèmi wá dà?"

"Tìrẹ wà láàárín èrò," ni Ìyá àgbà dáhùn. "Ìwọ lo mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn wọlé."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ mi gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì wá, a gba orin náà sílẹ̀. Àkùkọ kan kọ láàárín rẹ̀, a ò lè yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì yẹn dé ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan wa káàkiri, kódà àwọn tó wà ní oko gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká àdúgbò. Láàárín àwọn ọdún 1990, àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ giramafóònù jáde láti inú àjà àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá arúgbó kan gbé tiwọn wá lórí kẹ̀kẹ́ ológeere. Eku ti tẹ́ ìtẹ́ sínú rẹ̀. Mo tún un ṣe, bàbá jókòó, wọ́n gbọ́ àwo tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi débi pé Ìyá àgbà ń ṣe àmín láti inú yàrá. Ọkọ mi wo àwọn àpótí tó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bi mí bóyá mo ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ni. Mo ní kó wá bá mi di agolo sípíríngì mú. Ó ní òun ń bọ̀, ó sì kọ́kọ́ lọ wọ bàtà tí yóò fi sá.