Ilé Ìwé Tí Èdè Ìyá Ti Jẹ́ Ẹ̀ṣẹ̀

Láti àárọ̀ ni katapílà ti ń ké ramúramù, tí eruku bíríkì pupa ń bà lé gbogbo aṣọ tí mo pàtẹ. Wọ́n ń wó ilé ìwé ọkùnrin àtijọ́ tó kọjú sí ìsọ̀ mi ní Bouaké níbí, ìlú tó wà lókè Àbíjàn. Àwọn òyìnbó Faransé ló kọ́ ọ; wọ́n ní orí ọmọkùnrin nìkan ni ìwé lè wọ̀. Nígbà ogun abẹ́lé, sójà sùn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn wọn, ewúrẹ́. Ewúrẹ́ nìkan ni kò ba nǹkan kan jẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ̀gbẹ́ ọgbà yẹn ni mo ti ń ta ẹ̀pà fún ìyá mi. Lásìsì, ọmọ àgbàlá wa ní àdúgbò Dougouba, wà nínú àwọn tó ń kàwé níbẹ̀. Ẹlẹ́nu ni, ó lè bá ògiri sọ̀rọ̀ kí ògiri dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà náà, ẹni tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀, egungun màlúù ni wọ́n máa so kọ́ ọ lọ́rùn, títí yóò fi gbọ́ ẹlòmíràn tó ń sọ tirẹ̀, kó tó gbé e fún un. Ẹni tí egungun bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jáde, ó jẹgba. Ìka ni Lásìsì fi ń ra ẹ̀pà lọ́wọ́ mi, bí odi.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú wa. Ó ní òun fẹ́ rí ọmọ òun kí ọkọ̀ tó gbéra, wọ́n bá ní kí n sáré lọ pè é. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, mo ní, “Lásìsì, ìyá ẹ ń lọ o. Ó ní kí o wá.”

Olùkọ́ dúró tì í, egungun sì ti wà lọ́rùn Lásìsì. Faransé tí yóò fi tọrọ àyè kò wá sí i lẹ́nu. Yorùbá tó wà lẹ́nu rẹ̀, kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Ó kàn ń wò mí. Èmi náà, nínú Faransé, bonjúù nìkan ni mo mọ̀. Mo kí olùkọ́ ní bonjúù, mo tún kí i, mo tún kí i. Ó lé mi.

Nígbà tí Lásìsì fi máa jáde, ọkọ̀ ti lọ.

“Ṣé ó bèèrè mi?”

“Ó bèèrè.”

Ìyá náà kò padà wá. Lásìsì gbọ́ Faransé yó nígbẹ̀yìn, ó gbé e lọ sí Àbíjàn, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Àwọn ọmọbìnrin pẹ̀lú ń kàwé báyìí, ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ka èdè léèwọ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi, síbẹ̀ bí mo bá fi Yorùbá pè wọ́n, Faransé ni wọ́n fi ń jẹ́ mi. Mo bínú títí, mo bá fi rẹ́rìn-ín. Kí ni mo lè ṣe sí katapílà? Kí ni mo lè ṣe sí ẹnu ọmọ? Mo ṣì ń pè wọ́n. Faransé ni wọ́n ń sọ bọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń bọ̀.