Sàárà Bàbá Mi Tó Wà Lórí Kọ̀ǹpútà

Ó ti lé lọ́dún kan tí mi ò tíì sùn níbòmíràn yàtọ̀ sí yàrá mi ní Ṣakí. Ẹ má rò pé àìsàn ni. Kọ̀ǹpútà ni.

Bàbá mi ṣe wáàsí Ràmádáànì fún ọ̀pọ̀ ọdún, èmi ni mo sì ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kú, mo fi gbogbo rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní tọ́rẹ́ńtì. Inú kọ̀ǹpútà tèmi gan-an ni ẹni tó bá fẹ́ ẹ ti ń bù ú díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá gbà á tán náà lè máa fún ẹlòmíràn. Èmi nìkan ni mo ní i lódindi. Bí mo bá pa ẹ̀rọ, ó parí nìyẹn.

Ohun tó kó bá mi ni pé mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi. Wọ́n ní, "Háà, sàárà tí kì í dáwọ́ dúró lo ṣe fún bàbá rẹ yìí! Bó bá ṣe ń lọ ni láádá ń bá wọn ní sàréè." Ta ló wá tó bẹ́ẹ̀ tí yóò pa á? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọmọ lórúkọ ní Ìlerò, mi ò lọ. Iṣu mi ní Kòmú, ẹlòmíràn ló bá mi wà á. Kí n sọ òótọ́, àwọn ọjọ́ kan wà tí inú ń bí mi sí òkú.

Ẹnì kan ní òkèèrè ni mo gbójú lé. Ó ti ń gbà á bọ̀ láti oṣù mẹ́ta, ó sì kù díẹ̀ kó parí. Bó bá gbà á tán, a di méjì, mo lè pa tèmi.

Àfi bí ápù àtijọ́ tó ń pín in ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra rẹ̀. Mo kó iṣẹ́ náà sínú ápù tuntun. Ó yẹ kó rí àwọn fáìlì nílẹ̀, kó máa pín in lọ. Ó ní òun ò rí nǹkan kan. Ó tún ń tọrọ lọ́wọ́ ẹni tó ń tọrọ lọ́wọ́ mi!

Ẹ̀bi mi ni. Orúkọ bàbá mi gan-an ni mo fi sọ fódà tí mo kó àwọn fáìlì náà sí níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi rí i, wọ́n figbe ta: "Ò ń gán orúkọ mọ́ bàbá rẹ lórí?" Mo bá yí i sí "Àlùfáà Wa" nínú ápù àtijọ́. Tuntun ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, orúkọ àkọ́kọ́ tí mo fi gbé iṣẹ́ náà jáde ló ń wá.

Mo lọ bá ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń sá iṣu gbodo, mo ṣàlàyé pé àfi kí n dá orúkọ bàbá mi padà. Wọ́n ní:

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo gbà ọ́ láyè. Ṣáà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn."

Mo tọrọ àforíjì, mo kọ ọ́. Ápù tuntun yẹ gbogbo fáìlì wò, ó bá wọn ní pípé, ó ń pín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ẹni òkèèrè yẹn gbà á tán. Mo fò sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ sí báàgì. Nígbà tí mo padà wò ó, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti gba tirẹ̀, ó ti lọ. Mo dúró títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹlòmíràn ló dé, ó ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ìyá mi yọjú. "Ṣé ó ṣì ń lọ?"

"Ó ń lọ, mọ́mì."

"Alihamudulilai. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ ọ́ láéláé."

Mo ṣe àmín.